Igbá Ẹmu Tí Àwa Méjèèjì Jọ Mu

Ṣọ̀ọ̀pọ̀. Ṣọ̀ọ̀pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kajando, ọkọ́ gígùn ẹlẹ́nu irin tí a fi ń roko ìrẹsì, ṣe máa ń dún nínú ẹrọ̀fọ̀ lábúlé wa ní Kasamansi. Èmi níwájú, Kawusu àbúrò mi lẹ́yìn. Bàbá wa a jókòó sí bèbè oko, a ní bí òun bá di ojú, ọkọ́ kan ṣoṣo lòun ń gbọ́.

Èmi ni mo mú Kawusu lọ sójúbọ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. A mu ẹmu nínú igbá kan náà, a búra pé a ò ní jáde nínú igbó títí ilẹ̀ wa yóò fi dá dúró. Lọ́dún kejì, ọta ìbọn bà mí nítan. Wọ́n gbé mi gba Gáḿbíà, mo sì wọkọ̀ òkun lọ sí Marseille ní Faransé. Mo ní bí ẹsẹ̀ mi bá ti san, màá padà.

Ẹsẹ̀ mi san. Mi ò padà. Ogún ọdún ni mo fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ní èbúté. Ìkòkò tí mo rà lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ kì í gbà ju oúnjẹ ẹnì kan lọ, mi ò sì fìgbà kan rídìí tí màá fi ra òmíràn.

Àwọn aṣáájú wa àti ìjọba wá tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní Zigenshor, olú ìlú agbègbè wa. Àwọn kan jáde nínú igbó, àwọn kan ní ìwé náà kì í ṣe tàwọn. Èmi wà lára àwọn tó bínú. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Aramata, àbúrò wa obìnrin, pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, Kawusu fẹ́ wálé. Ikọ́ fẹ́ pa á sínú igbó."

"Kó máa bọ̀ ná. Ta ló dì í mú?"

"Ẹ̀yin ni. Olójúbọ ní àwọn tó jọ mu igbá kan gbọ́dọ̀ jọ da ẹmu padà sílẹ̀. Ẹnì kan ò lè tú ìbúra ẹni méjì."

Mo yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ìwé yẹn ò dárúkọ òmìnira níbì kankan. Ṣé ìyẹn la torí ẹ̀ kú?"

"Ẹ̀yin wo lẹ kú? Ẹnu yín ló ń jagun ní Faransé, ẹsẹ̀ Kawusu lẹ̀gún ń gún." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ní bí ìwé náà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ wá gba ìbọn òun. Ó ti wúwo jù fún òun."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Ó tún ní kí n bi yín, ṣé itan yẹn máa ń dùn yín bí òtútù bá mú?"

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé èpè ni Kawusu ń gbé mi ṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìkòkò mi kékeré. Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sílé:

"Aramata, sọ fún Kawusu pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò tíì fara mọ́ ìwé yẹn. Itan ń dùn mí. Kó dúró dè mí létí igbó, kó má dá wọ ojúbọ. Kó o sì bá mi wá ọkọ́ kan."