Àgbá Omi Inú Balùwẹ̀ Wa

Tíṣà ni ọkọ mi, àmọ́ Ojú-Ọjọ́ ni gbogbo ará ilé ń pè é, torí kò sí ìkíni tí kò ní fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ dáhùn. Ẹ kí i pé ẹ kú ooru, ẹ ti há nìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ pé ayé ń gbóná sí i, pé èéfín tí à ń tú sókè ló fà á, pé òjò ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó rọ̀ mọ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn. Ta ni kì í fẹ́ kí ọkọ òun mọ̀wé?

Nígbà tí òjò ọdún yìí kọ̀ tí kò rọ̀, omi kànga ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí fà. Kànga kan náà ni gbogbo wa ń pọn. Ọkọ mi pe ìpàdé sí àgbàlá láàárọ̀ Sátidé. Ó ṣàlàyé débi pé ó yé ọmọdé inú wa: bí a bá ń pọn ọ́n ní ìpọnkúpọn, á gbẹ, bí oníkálukú bá ń pọn garawa kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, á gbé wa dé ìgbà òjò. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pa á.

Alágbàfọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ dìde. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ omi jù nínú ilé, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Màá dá aṣọ àwọn oníbàárà padà títí òjò á fi rọ̀." A rẹ́rìn-ín, a rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń ru aṣọ jáde ní ìdì-ìdì, ó ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n.

Àwa ńkọ́? A ò tíì jókòó dáadáa nínú yàrá tí Ojú-Ọjọ́ fi rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó mi, omi yẹn máa tán o. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Jẹ́ ká tètè pọn tiwa."

Mo ní, "Garawa kan tẹ́ ẹ sọ ńkọ́?"

"Ìyẹn bí gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Ṣé o rò pé wọ́n máa tẹ̀ lé e?"

Kí n má purọ́, mi ò jiyàn. A pọnmi kún gbogbo àgbá inú balùwẹ̀, a pọn ọ́n sí ìkòkò, a pọn ọ́n sí bàsíà ìfọṣọ. A bá àwọn ará ilé yòókù nídìí kànga, àwọn náà ń sáré pọn tiwọn. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ká ní ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ rárá ni, à bá ṣì máa pọn ọ́n níwọ̀nba. Mímọ̀ tí a mọ̀ ló lé wa débẹ̀. Alágbàfọ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀, ó ṣì ń dá aṣọ padà kiri. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, ẹrẹ̀ ni garawa ń fà jáde.

Ọjọ́ náà ni ìyàwó Alágbàfọ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé ọmọ sí èjìká. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Nọ́ọ̀sì ní ká máa fi omi nù ún lára. Ṣé mo lè rí díẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Èmi abiyamọ, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé, "Háà, ìyá ìkókó, kò sí o. Àwa náà ń wá a ni."

Kí n tó pa ẹnu dé, omi ró nínú balùwẹ̀. Ọkọ mi ń wẹ̀. Ó ń dà á sára wàà, ó sì ń súfèé.

A jọ dúró, a jọ gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Obìnrin náà gbé ọmọ sí èjìká kejì, kò wo ojú mi. Ó rọra ní, "Ẹ má bínú, Mà. Bóyá èyí tẹ́ ẹ ní ò tó ẹ̀yin náà." Ó ń bá mi wá ibi tí màá fojú pamọ́ sí. Èébú ì bá sàn fún mi.

Mo bu omi kún garawa, mo gbé e tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi. "Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ká ní wọn ò pe ìpàdé yẹn ni, ta ni ì bá ní omi nínú ilé yìí lónìí?" Kò fi bú mi o, tọkàntọkàn ló ń dúpẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti rẹ aṣọ sínú omi, ó ń fi nu ọmọ lára, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó yẹ kí n sọ fún Alágbàfọ̀ pé omi tirẹ̀ ni mo gbé wá fún un. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Nígbà tí mo padà sókè, ọkọ mi ti wọṣọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sorí kọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ojú tì mí," ló wí.

Mo ní ojú ti èmi náà. Lẹ́yìn náà ló bi mí: "Ṣé o bo àgbá yòókù?"

Mo wọ balùwẹ̀. Omi ṣì kún inú wọn. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ náà láti ìsàlẹ̀. Mo dúró, mo tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ni mo bò wọ́n.