Ọṣẹ Ifábùnmi

Nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ẹdẹ, kò sí ọṣẹ dúdú tó ń tà létí ọ̀nà irin bí ọṣẹ Ifábùnmi. Ìyá náà mọ eérú, ó mọ àdín, kì í kánjú sọ ọṣẹ kalẹ̀ lórí iná. Bó bá gbé igbá rù, orúkọ ara rẹ̀ ló fi ń polówó: "Ọṣẹ Ifábùnmi rèé o, ẹ wẹ̀ ẹ́, ara ò ní yún yín." Àwọn èrò ọkọ̀ gbé orúkọ yẹn dé ibi tí ẹsẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ kò dé rí.

Ìgbà tí orúnkún dá a jókòó, Àkànkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló gbé igbá. Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílé ọkọ láyé ìgbà náà. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ọmọ ọwọ́ ìbáà jẹ́, áḿbọ̀sì ìyá ọkọ. Ìyá wa ni Àkànkẹ́ ń pè é. Ó dé etí ọ̀nà irin, ó lanu:

"Ọṣẹ Ìyá wa rèé o."

Ọkùnrin kan yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ìyá ta ni?"

"Ìyá wa ni, bàbá."

"Ìyá tiwa wà n'Íbàdàn, kì í ta ọṣẹ. Ọṣẹ Ifábùnmi ni wọ́n rán mi."

Kí Àkànkẹ́ tó sọ pé òun náà ni, Kúlúsúmù, tó ń ra ọṣẹ tirẹ̀ bọ̀ láti Ìwó, ti fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọṣẹ Ifábùnmi rèé, bàbá. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò."

Ọkùnrin náà rà á. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà nawọ́. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó lọ.

"Kúlúsúmù, o fi orúkọ ìyá wa ta ọjà ẹ."

"Ṣé èmi niyàwó ilé yín ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ máa ṣẹ́jú sí wọn, bóyá wọ́n á rà."

Àkànkẹ́ gbé ọṣẹ padà sílé. Ó ní ọjà ni kò yá. Ó mọ̀ pé ọṣẹ Kúlúsúmù a máa yún ni, pé ọkùnrin yẹn yóò họra dé Ìbàdàn, Ifábùnmi ni yóò sì máa bú.

Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn dé, ó dijú, ó ké e:

"Ọṣẹ Ifábùnmi rèé o!"

Àwọn obìnrin tó ń tajà yíjú sí i. Ọ̀kan fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ wá gbọ́, Àkànkẹ́ ń pe ìyá ọkọ ẹ̀ bí ẹní pe adìẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí igbá fi ṣófo. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà délé, ó ń wá ilẹ̀ tí yóò lanu gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ìyá jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú.

"Ọṣẹ ńkọ́?"

"Ó ti tán, Ìyá wa."

"Kí lo pè é tó fi tán?"

Àkànkẹ́ kúnlẹ̀.

"Pè é kí n gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pè é."

"Ohun tí o pè létí gbogbo Ẹdẹ, èmi nìkan ni o kò lè pè é fún?"

Ìgbà yẹn ni ẹkún bọ́, tó sì sọ ti Kúlúsúmù. Ìyá ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Wọ́n ń fi orúkọ mi ta ọṣẹ tó ń yún ni, o mọ̀, o sì sọ fún mi pé ọjà ò yá." Ó mí kanlẹ̀. "Pè é."

Àkànkẹ́ wolẹ̀, ó pè é wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọkọ̀ á ti dé Òṣogbo kí wọ́n tó gbọ́ ìyẹn."

Àwọn ìyàwó ilé yòókù ti yọ sẹ́nu ọ̀nà. Àkànkẹ́ tún un pè, lójú gbogbo wọn, ohùn rẹ̀ dé ìdí iná tí wọ́n ti ń se ọṣẹ. Ìyá kò wo ojú rẹ̀. Àkànkẹ́ náà kò gbórí sókè.