Sùtánà Tó Há

Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Orin ni mo fi ń gbè é. Ọmọ mi, Fúnláyọ̀, ló ń rán sùtánà fún àwa aláṣọ funfun ní Ìkátè. Èmi ni mò ń bá a ṣẹ́ etí aṣọ.

Dọ́là gòkè, aṣọ funfun di góòlù, epo jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé fọwọ́ kàn. Máyọ̀wá, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kọjú sí tiwa, ò fowó lé tiẹ̀. Aṣọ ló dín kù, ó ń gé sùtánà tínínrín. Fúnláyọ̀ ní òun ò ní gé e kù láéláé, ó fowó lé e. Ni àwọn oníbàárà bá sọdá títì.

"Ìyá Fúnláyọ̀, ẹ máa kọrin o!" Máyọ̀wá á ké láti òdìkejì. "Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń jó o!"

"Kí wọ́n ṣáà má fẹsẹ̀ kọ!"

Fúnláyọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti bá ọkùnrin kan ní Ajah sọ ọ́: bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí, lọ́jọ́ Ajé, kó wá ra ẹ̀rọ wa méjèèjì. Bí ẹ̀rọ bá lọ, ṣọ́ọ̀bù tán nìyẹn. Mo dá orin fún un:

*Ẹni tó wọ ẹyẹ láṣọ,*
*Kò ní gbàgbé abẹ́rẹ́ wa o.*

Kò gbè é.

Ọjọ́ ìkórè pé, ṣọ́ọ̀ṣì funfun báláú. Wòlíì ní ká forí balẹ̀. Bí a ṣe kúnlẹ̀ tí a tẹ̀ síwájú, mo gbọ́ "fàà!" lẹ́yìn mi, "fàà!" lápá ọ̀tún. Àwọn sùtánà tí Máyọ̀wá rán ń ya láti ìdí! Àwọn alàgbà ò lè dìde. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo sáré fi halelúyà bò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, èrò ti kó sùtánà tó ya kún ẹnu ọ̀nà wa kí ọkùnrin Ajah tó dé. Máyọ̀wá ló ṣáájú, ó gbé aṣọ funfun tó ṣẹ́kù sí èjìká. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí, wọ́n ní àlùmọ́gàjí mi ò gbọdọ̀ kan aṣọ àwọn mọ́. Aṣọ rèé, ẹ bá mi fi kún ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ya."

"Ìwọ tí ò ń fi ìyá mi ṣẹ̀sín?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mo bá fowó lé e, wọ́n á sá."

"Wọ́n kúkú sá fún èmi." Fúnláyọ̀ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin Ajah dé, ẹ̀rọ kan ni Fúnláyọ̀ jẹ́ kó gbé lọ, torí owó àyálò ṣọ́ọ̀bù ò dúró de ẹnikẹ́ni. Fúnláyọ̀ jókòó ti èyí tó kù. Mo tún dá orin mi. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbè é, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ni Máyọ̀wá náà bá lanu láti gbè é.

"Ìwọ, di aṣọ mú ná!" ni mo wí.

Ibi tí ẹ̀rọ kejì wà tẹ́lẹ̀ ṣófo kalẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ojú mi lọ síbẹ̀.