Ilẹ̀kùn Tó Fẹ́ Gbọ́ Orúkọ Ọ̀gá Mi

Fẹ́mi ọ̀rẹ́ mi, aago mẹ́wàá alẹ́ àná, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta tí mo dé òkè òkun, ni mo sùn. Mi ò mọ ìgbà tí àlá bẹ̀rẹ̀. Mo dé ibiṣẹ́ tuntun, ilẹ̀kùn ní àfi kí n pe ọ̀gá mi ní Pọ́ọ̀lù lásán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Bí mo ṣe lanu báyìí ni ìyá mi yọrí nínú àpótí ẹrù mi: "Pọ́ọ̀lù wo? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?"

Mo rò ó díẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù."

Ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín, ó ṣí. Màmá ní, "Ẹn-ẹ́n, o kúkú mọ̀ ọ́n pè."

Ẹ̀rín ló jí mi. Bóyá mo rìn lójú oorun, mi ò lè búra. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni mo dúró sí, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀.