Jẹdíjẹdí Ilé Wa

...kí n kúkú sọ pé jẹdíjẹdí ni. Ṣebí ohun tí gbogbo ilé ń sọ nìyẹn? Jẹdíjẹdí ló pa bàbá mi, adùn ló fà á, ó parí. Kí ló wá kan nọ́ọ̀sì? Ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń bi mí léèrè òkú ìdílé mi bí ẹni ń bèèrè ọ̀nà. "Bàbá, ta ló ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí nínú ẹbí yín?" Bàbá! Èmi tí mi ò tíì pé àádọ́ta. Mo ní kò sí. Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ. Ó tẹ nǹkan, ó wo nǹkan, ó wá gbójú sókè. "Ẹ lọ jókòó níta, ẹ rò ó dáadáa. Ohun tí ẹ bá sọ la máa fi ṣírò bóyá ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí irọ́ bá wọ inú ẹ̀rọ yìí, irọ́ náà ló máa bí."

Mo sì ti jókòó. Bẹ́ǹṣì onírin yìí tutù bí ìdáhùn àna tí kò fẹ́ràn ẹni. Ọkùnrin tó kọjú sí mi wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ — ó dà bí ọmọ tó jí ti bàbá rẹ̀ wọ̀. Iṣẹ́ bàtà ni mò ń ṣe; ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ èèyàn kí n tó wo ojú. Kí n máa wo ẹsẹ̀ wọn. Kí n má rò ó...

Kókó kan ni wọ́n yọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti kámẹ́rà bọ ibi tí èmi tí mo ni ín ò tíì fojú kàn rí, wọ́n rí kókó kan nínú ìfun mi, wọ́n gé e. Dókítà ní kò tíì di jẹjẹrẹ. Kò tíì. Kí ló dé tí kò lè sọ pé kò ní dà á, kí n sinmi? Ó ní ọjọ́ orí mi kéré sí irú ẹ̀, pé bóyá nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa tó ń gbìn ín. Mo ní, "Dókítà, ìdílé wa ò gbin nǹkan kan rí, ọ̀lẹ ni wá." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo bàtà rẹ̀.

Bàbá mi... kò pé àádọ́ta. Ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń rù, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Màmá mi ń pariwo, "Ṣúgà ni! Mo wí, mo wí!" A ò gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ta ló fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ìdí ló ń dun bàbá òun? Ọjọ́ tí a sin ín ni ṣúgà kó jáde nílé wa. Tíì wa wá di àgbo.

Àǹtí, àbúrò bàbá mi, tó ń ta bisikíìtì. Òun náà yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òun náà rù. Èmi gan-an ni mo dá àwàdà náà sílẹ̀ níbi ìsìnkú — "Àǹtí ò jèrè ọjà, ọjà ló jẹ" — gbogbo ilé rẹ́rìn-ín dójú ẹkún. Àwàdà tó dáa ni. Ó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín... rárá. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tí kò fi ṣúgà kan ahọ́n mọ́ láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, tó ń wo bisikíìtì bí ẹni rí ejò. Ẹ̀jẹ̀ kan náà. Rírù kan náà. Kí làwọn ará ilé wí? Wọ́n ní ó ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀! Òkú ò kúkú lè wí àwíjàre. Bí kì í bá wá ṣe ṣúgà —

Má rò ó débẹ̀.

Kí n ro ti Lọ́yà. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, torí àríyànjiyàn rẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe Lọ́yà. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló gbé wáyé. Nínú ìdílé wa, ọmọńdinrín ìka ẹsẹ̀ máa ń gun ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n: ti bàbá mi rí bẹ́ẹ̀, ti Àǹtí rí bẹ́ẹ̀, tèmi náà nìyí, tí mo máa ń fẹ ẹ̀gbẹ́ bàtà fún. Ti Lọ́yà tò gún régé. Mo wò ó láàárọ̀ yìí bó ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀. "Dádì, kí lẹ̀ ń wò? Ẹsẹ̀ ni o, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n." Mo ní bàtà ni mò ń wò. Ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹni tí kò gbé ìka wa, kò lè gbé...

Ẹ̀gbọ́n mi.

Èmi ni mo rán bàtà tí wọ́n wọ̀ fún un sínú pósí. Mi ò fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìdí tí màá fi fẹ̀ ẹ́ — ìka rẹ̀ tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, ẹsẹ̀ màmá wa pọ́ńbélé. Mo di ẹsẹ̀ náà mú. Ó tutù. Ó gún régé. Ó sì ti kú.

Ojú ò lè mọ̀ ọ́n, nígbà náà. Èmi tí mo ń wo ẹsẹ̀ bàbá rán bàtà ọmọ, mi ò lè fojú mọ èyí. "Bí a bá rí i lára yín, a ó mọ ohun tí a máa wá lára ọmọ yín. Bí a bá sì rí i níbẹ̀, a ó máa yẹ inú rẹ̀ wò, kí kókó tó di nǹkan." Nọ́ọ̀sì ló wí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó kàn ń ṣe ẹnu ni.

Ẹni mẹ́ta. Kò sí ìkankan tó pé àádọ́ta. Jẹdíjẹdí kọ́. Bóyá... kò sí bóyá níbẹ̀. Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ta ló ń fojú ṣọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, bí kì í bá ṣe ẹni tó mọ ohun tó ń wá?

Wọ́n ti ń sún àga nínú yàrá yẹn. Bí nọ́ọ̀sì bá ti pè mí, màá ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, láì fi àwàdà kankan sí i. Kó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Kó gbà á títí tó fi máa tó o. Ilẹ̀kùn yẹn... ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì ṣí.