Kí Orúnkún Ìyá Tó Kanlẹ̀

Orúnkún ìyá ń lọ sílẹ̀. Ti ọ̀tún ló ń ṣíwájú, èyí tí làkúrègbé ti ń bá jà tipẹ́. Ọwọ́ kan di òpó mú, ọwọ́ kejì ń kó ìró jọ. Ìyá ń rọra rọ̀ sílẹ̀, ó ń rọ̀, ó ń gbọ̀n.

Adégoróyè dúró níwájú rẹ̀, eruku ọ̀nà ṣì wà lára agbádá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dé ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí ó sọ kí orúnkún yẹn tó kanlẹ̀. Ó ń gbọn eruku agbádá nù.

Ta ló ní kí ìyá máa kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí? Ọmọ náà ni. Nígbà tí kóòtù àkọ́kọ́ dá a láre lórí oyè ọba, agboolé Adéṣuyì tó ń bá a du oyè ní àwọn kò gbà, wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́yà Adégoróyè rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹjọ́ ti parí, ó ku ká gbé adé. Ẹnu lọ́yà dùn bí oyin, Adégoróyè sì lá a tán. Adé kò tíì dé orí tó ti ń jọba nínú ilé. Ó ní ọba kì í ní ìyá, kí ìyá òun náà máa kúnlẹ̀ bí ará ìlú. Ìyá wò ó títí. Ìyá kúnlẹ̀.

Lónìí, ẹjọ́ kan náà, ẹ̀rí kan náà, lọ́yà kan náà, adájọ́ mìíràn. Àre àná ti dẹ̀bi. Lọ́yà kó ìwé rẹ̀ sápò, ó ní kóòtù tó ga jù lọ ṣì ń bẹ níwájú, ibẹ̀ làwọn yóò ti jàre láìsí àní-àní. Ohùn tó fi sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní náà ló fi sọ ọ́.

Ìbọn dún. Láti agboolé Adéṣuyì ni, ìbọn ayọ̀, ìbọn ọba tuntun. Ìyá gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ tàn. Ó rò pé ti ọmọ òun ni. Ó fi òpó sílẹ̀, nítorí a kì í fara ti òpó kí ọba tòótọ́.

Ó dun Adégoróyè wọ egungun. Òun àtàwọn Adéṣuyì, a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ìyá ńkọ́? Kí ni ìyá ṣe? Ó nawọ́ láti gbé e dìde. Ìyá rò pé ọba ló nawọ́ gba ìkíni, ó bá tẹ orí rẹ̀ ba.

Orúnkún ọ̀tún kan ilẹ̀. Ti òsì tẹ̀ lé e.

"Kábíyèsí," ni ìyá wí, ìbọn sì tún dún.