Síkúrù Mẹ́rin Inú Rédíò

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ti fẹ̀yìn tì kò lè rí ohun tó dẹ̀ kó mójú kúrò. Síkúrù ara ìlẹ̀kùn onílé-onílé pàápàá, ọwọ́ á máa yún un láti fún un le. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Àìkú tó tú ẹ̀yìn rédíò rẹ̀ àtijọ́ láti nu eruku, tó bá síkúrù mẹ́rin tó dẹ̀ lórí àwọn agolo kéékèèké inú rẹ̀, ó fún gbogbo wọn pinpin. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn síra rẹ̀.

Láti ìgbà náà, àwọn gílóòbù rédíò ń tàn, àmọ́ híhó lásán ló ń hó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ka ìròyìn lórí afẹ́fẹ́. Ọmọ tí bàbá sọ fún pé ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe iṣẹ́! Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń kí ara wọn gbẹrẹfu. Àìpẹ́ yìí ni bàbá tó ṣèlérí fún un pé, "Màá gbọ́ ẹ." Rédíò kan ṣoṣo yìí ló sì wà nílé.

Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìyá Oníwáyà, tó ń tún rédíò ṣe. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ ìròyìn náà ti kọjá kó tó dé. Ó yọjú wo inú rédíò.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló fún àwọn síkúrù yìí?"

"Ó lè jẹ́ eku."

"Eku tó ní síkúrúdíráfà?"

Ojú tì í. "Wọ́n dẹ̀ ni, mo ní kí n fún wọn le."

"Wọn ò dẹ̀ o! Ibi tó yẹ kí wọ́n dúró ni wọ́n dúró sí. Àwọn ló ń jẹ́ kí rédíò mú ohùn kan ṣoṣo láàárín ohùn ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún un ṣe títí ẹ fi bà á jẹ́."

Ó ń yí wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí. Bí síkúrúdíráfà bá kan síkúrù, ohùn á dé. Bó bá gbé e kúrò, ohùn á tún lọ.

"Irin ọwọ́ mi yìí ló ń da rédíò láàmú," ó ní. "Síkúrúdíráfà oníke mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ sì jìn. Igi tí mo lè fi yí wọn ni mo fẹ́."

Kò tíì panu dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dìde. Ó gbé ọ̀bẹ, ó gbẹ́ igi kan, ó kán. Ó wo aago, ó tún mú òmíràn. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó wọ ojú síkúrù rẹ́gí.

"Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ò pin síbì kan," Ìyá Oníwáyà ní, ó sì ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí híhó náà fi dákẹ́.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa."

Ohùn ọmọ náà mọ́ gaara. Bàbá fò dìde.

"Káàsán, ọmọ mi! Káàsán o!"

"Kò lè gbọ́ yín o, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Mo mọ̀," ó ní, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. "Dákẹ́ jàre, ọmọ mi ń sọ̀rọ̀."